Ìyá Géètì àti Àwọn Tó Fẹ́ Gbé Ènìyàn Kọjá Ààlà

Ẹni tó bá ń pe ara rẹ̀ ní ọmọ Ọ̀tà, tí kò sì tíì gbọ́ nípa Fẹ́yìsetán Ògúnlàdé, kí onítọ̀hún rọra bọ́ fìlà, kó lọ jókòó sẹ́yìn, kó jẹ́ kí àwọn tó mọ ìlú sọ̀rọ̀. Kì í ṣe ìyàwó ọba. Kì í ṣe ìyá ìjọ. Kò du ipò kankan rí láyé rẹ̀. Obìnrin kúkúrú kan ni, tó dúdú, tó sì ki pọ́pọ́, tó máa ń jókòó sórí àga onírin lẹ́nu géètì Òpópónà Ìfẹ́lódùn, lápá ọ̀nà Ìdíròkò, tí ìdì kọ́kọ́rọ́ kan so mọ́ ìbàdí rẹ̀. Bó bá pe ọlọ́kadà láti ẹnu géètì yẹn, ẹni tó wà ní Àtàn á dáhùn. Ojú rẹ̀ ńkọ́? Ojú yẹn lè wo báàgì tí wọ́n ti so lẹ́nu, kó sì sọ iye ìgò tó wà nínú rẹ̀ fún ọ, títí kan èyí tó ti sán.

Ìkirè ni wọ́n bí i sí. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni nígbà tó tẹ̀lé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wá sí Ọ̀tà, láyé ìgbà tí ilé iṣẹ́ ń hù káàkiri ibẹ̀ bí olú. Nígbà yẹn, ẹni tó bá ṣáà ti ní ọwọ́ méjì, tó sì lè jí kí oòrùn tó yọ, kò ní wáṣẹ́ tì. Ilé iṣẹ́ bisikíìtì ló gbà á. Wọ́n kọ́kọ́ fi í sídìí ẹ̀rọ tó ń di bisikíìtì sínú páálí, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n rí i pé tí bisikíìtì kan péré bá dín nínú páálí, òun ló máa ń kọ́kọ́ mọ̀, wọ́n gbé e lọ sẹ́nu ọ̀nà àbájáde, níbi tí wọ́n ti ń yẹ àwọn òṣìṣẹ́ wò kí wọ́n tó lọ sílé.

Ibẹ̀ ló ti kọ́ ohun tó fi gbogbo ayé rẹ̀ ṣe. Ní ilé iṣẹ́ náà, ohun kan kì í jáde láìní páàsì. Páàsì ni ìwé pélébé tí ẹni tó ni ẹrù máa fọwọ́ sí, tí ọ̀gá máa fọwọ́ sí, tí ẹni tó ń gbé e lọ náà máa kọ orúkọ rẹ̀ sí àti ibi tó ń gbé e lọ. Fẹ́yìsetán kò kàwé kọjá píráímárì mẹ́ta, ṣùgbọ́n bí o bá fi àmì ọwọ́ ọ̀gá han án lẹ́ẹ̀kan, o ò lè fi ayédèrú rẹ̀ tàn án mọ́ títí láé.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ọ̀gá òyìnbó ilé iṣẹ́ náà, ọkùnrin gíga kan tí irun imú rẹ̀ gùn tó irùngbọ̀n ẹlòmíràn, gbé páálí bisikíìtì kan sẹ́yìn mọ́tò, ó ń lọ. Fẹ́yìsetán na ọwọ́.

"Páàsì, sà."

Òyìnbó ní, "Ṣé o ò mọ̀ mí ni?"

Fẹ́yìsetán ní, "Mo mọ̀ yín, sà. Páálí yẹn ni mi ò mọ̀."

Òyìnbó bínú, ojú rẹ̀ pọ́n bí tàtàṣé. Ó padà wọ ọ́fíìsì, ó lọ fọwọ́ sí páàsì fún ara rẹ̀. Àwọn kan ní nígbà tó máa fi jáde, ó tẹrí ba fún un. Àwọn mìíràn ní ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ẹ jẹ́ ká fi í sí àárín méjì: ó kúnlẹ̀.

Lẹ́yìn ọdún mẹ́rìnlélógún, ilé iṣẹ́ náà ti ìlẹ̀kùn. Fẹ́yìsetán ti ra ilẹ̀ díẹ̀ nígbà tí Ìfẹ́lódùn ṣì jẹ́ igbó tí ọ̀kẹ́rẹ́ ti ń ṣèpàdé, ó sì ti kọ́ yàrá mẹ́fà síbẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Kò pẹ́ tí àwọn ṣọ́ọ̀ṣì ńláńlá fi bẹ̀rẹ̀ sí í dé, tí yunifásítì tẹ̀lé wọn, tí ayé sì rọ́ wá sí Ọ̀tà bí ẹni pé ibẹ̀ ni wọ́n ti ń pín ọ̀run. Olùkọ́ ń wá yàrá, akẹ́kọ̀ọ́ ń wá yàrá, pásítọ̀ ń wá yàrá, ẹni tó ń lu ìlù fún pásítọ̀ ń wá yàrá. Àwọn olè náà gbọ́, wọ́n dé. Ní ọ̀sán gangan, wọ́n gbé ọkọ̀ akẹ́rù wá sí Ìfẹ́lódùn, wọ́n ní ayálégbé kan ló ń kó lọ, wọ́n kó ilé rẹ̀ ní àkótán. Àwọn aládùúgbò bá wọn gbé fíríìjì sọ́kọ̀. Wọ́n tún kí wọn pé wọ́n kú iṣẹ́.

Ìtìjú yẹn ló jẹ́ kí àwọn onílé fi géètì sí ẹnu òpópónà. Ẹ̀yìn òpópónà ní tiẹ̀, ògiri ilé iṣẹ́ ṣíbí kan ló dí i, ọ̀nà kan ṣoṣo ló wọlé, òun náà ló jáde. Nígbà tí wọ́n bèèrè ẹni tó máa di kọ́kọ́rọ́ mú, gbogbo ojú yí sí Fẹ́yìsetán. Ó ní òun gbà, ṣùgbọ́n òfin ilé iṣẹ́ òun ni òun máa lò: ẹrù kankan kò ní jáde láìní páàsì. Ó ra ìwé gbọọrọ kan, ó so bíírò mọ́ ọn lókùn, ó jókòó. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń pè é ní Ìyá Géètì.

Kò sí ẹni tí òfin náà kò mú. Ọmọ bíbí inú rẹ̀, Ọpẹ́mipọ̀, ṣègbéyàwó, ó ń kó lọ sí Itele. Ó gbé bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ dé ẹnu géètì láìní páàsì.

"Màmá, ọmọ yín ni mí o!"

"Mo mọ̀. Èmi ni mo bí ọ. N kò bí bẹ́ẹ̀dì."

Bẹ́ẹ̀dì náà sun oorun ìta lẹ́nu géètì títí akọ̀wé ẹgbẹ́ onílé fi dé láti ibi iṣẹ́, tó fọwọ́ sí páàsì.

Ẹnìkan wà nínú àwọn ayálégbé Fẹ́yìsetán tó ń jẹ́ Seth Ayọ̀rìndé. Yàrá ẹ̀yìn ló ń gbé. Ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ ni, ó lé ní ogójì ọdún díẹ̀, ó fi òwú dúdú so ẹsẹ̀ awò ojú rẹ̀ tó kán. Ará Ṣakí ni baba rẹ̀, ṣùgbọ́n òkèèrè ni wọ́n bí Seth sí, ní orílẹ̀-èdè kan lápá ìwọ̀-oòrùn tí wọ́n ti ń sọ Faransé. A ò ní dárúkọ ibẹ̀, nítorí etí ààrẹ wọn gùn ju ti ehoro lọ. Ààrẹ náà ti jókòó pẹ́ débi pé àga ìjọba ti ta gbòǹgbò lábẹ́ rẹ̀. Olùkọ́ ni Seth lọ́hùn-ún. Ó lọ sọ̀rọ̀ lórí rédíò pé òfin sọ iye ọdún tí ààrẹ máa lò, ọdún náà sì ti pé. Ọ̀rọ̀ mẹ́wàá péré ni. Ọ̀rọ̀ mẹ́wàá náà ló lé e láti ìlú dé ìlú, títí ó fi gba Ìdíròkò wọlé pẹ̀lú àpò kan. Ní Ọ̀tà, ó rí iṣẹ́ sí ṣọ́ọ̀ṣì kan. Bí oníwàásù bá ti ń sọ̀rọ̀, òun a máa túmọ̀ rẹ̀ sí Faransé fún àwọn àlejò tó wá láti òkèèrè.

Fẹ́yìsetán ti ṣàkíyèsí pé bó bá jókòó sí ìta, kì í kọ ẹ̀yìn sí ọ̀nà. Ọjọ́ kan ló bi í.

"Seth, gbèsè lo jẹ ni, àbí ìyàwó ènìyàn lo gbà?"

Seth rẹ́rìn-ín. "Kò sí èyíkéyìí níbẹ̀, Màmá. Àwa mẹ́ta la jọ sọ̀rọ̀ lórí rédíò. Èkínní wà lẹ́wọ̀n. Èkejì sá lọ sí orílẹ̀-èdè mìíràn bíi tèmi. Wọ́n wá a débẹ̀. Wọn ò gbé e dé kóòtù kankan. Wọ́n kàn sọ ọ́ sínú mọ́tò, ó di ẹ̀yìn ààlà. Láti ìgbà yẹn, ìyàwó rẹ̀ ń gbé oúnjẹ lọ sí ẹ̀wọ̀n mẹ́ta. Gbogbo wọn ló ní kò sí lọ́dọ̀ àwọn."

Fẹ́yìsetán na ọwọ́ kan ìdì kọ́kọ́rọ́ tó wà ní ìbàdí rẹ̀.

"Ìyẹn lọ́dọ̀ tiwọn," ló wí. "Ìfẹ́lódùn nìyí."

Ní Sátidé tó kẹ́yìn oṣù kan, ọjọ́ ìmọ́tótó àyíká, láti aago méje sí aago mẹ́wàá àárọ̀, tí ọkọ̀ kì í rìn, gbogbo Ìfẹ́lódùn wà níta. Ẹni tó ń fi ṣọ́bìrì kó gọ́tà ń kó o, ẹni tó ń fi àdá ge koríko ń ge é. Ẹrẹ̀ gọ́tà dúdú kìjikìji wà ní òkìtì òkìtì lẹ́bàá ọ̀nà, ó ń rùn débi pé ajá ń gba ọ̀nà mìíràn. Seth náà wà níwájú ilé, ó wọ ṣòkòtò péńpé, ẹrẹ̀ mù ún dé orúnkún.

Ọkọ̀ funfun kan dé ẹnu géètì. Ọkùnrin mẹ́rin ló wà nínú rẹ̀, wọ́n wọ àwọ̀lékè aláwọ̀ ewé tó ń kọ mọ̀nà, irú èyí tí àwọn òṣìṣẹ́ ìmọ́tótó máa ń wọ̀. Èyí tó jókòó síwájú, ọkùnrin ẹlẹ́rẹ̀kẹ́ ńlá kan tí àwọn yòókù ń pè ní Ọ̀gá Johnson, yọ orí síta.

"Màmá, ẹ kú iṣẹ́ o. A wá yẹ gọ́tà yín wò."

Fẹ́yìsetán ṣí géètì fún wọn.

Àṣìṣe rẹ̀ nìyẹn, kò sì sẹ́ ẹ títí dòní. Ojú ọdún mẹ́rìnlélógún ni ojú rẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tó ń jáde nìkan ni wọ́n kọ́ ojú yẹn láti máa wò. Ohun tó ń wọlé kò kàn án rí. Ní ilé iṣẹ́, ta ló ń jí bisikíìtì wọlé?

Ọkọ̀ náà kò yẹ gọ́tà kankan wò. Ó lọ tààrà síwájú ilé Fẹ́yìsetán. Kí àwọn ènìyàn tó lajú, mẹ́ta nínú wọn ti bọ́ sílẹ̀, wọ́n ti gbá Seth mú, wọ́n ti fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ sí i lọ́wọ́, wọ́n ti tì í sẹ́yìn ọkọ̀ bí ẹni ti ewúrẹ́. Bàtà rẹ̀ kan ṣẹ́ kù sínú gọ́tà. Ó pariwo kan ṣoṣo.

"Màmá! Àwọn ni o! Ààlà ni wọ́n ń gbé mi lọ!"

Fẹ́yìsetán kò sáré lọ bá wọn. Obìnrin mìíràn ì bá sáré, ì bá ká ọwọ́ lé orí. Òun fa géètì pọ̀, ó ti irin ìdábùú bọ inú ihò rẹ̀, ó kan àgádágodo mọ́ ọn, gbàm. Ó gbé àga rẹ̀ sí àárín géètì níhà inú, ó jókòó, ó ṣí ìwé gbọọrọ sórí itan.

Ọkọ̀ funfun dé, ó ń fọn fèrè.

"Màmá, ẹ ṣí i," ni Johnson wí.

"Páàsì dà?"

"Páàsì kí ni?"

"Ti ẹrù tí ẹ fẹ́ gbé jáde."

"A ò gbé ẹrù. Ènìyàn ni."

Fẹ́yìsetán wò ó láti orí dé ibi tí fèrèsé ọkọ̀ ti gé e. "Ènìyàn! Àga tó ti kán lẹ́sẹ̀ kì í jáde níbí láìní páàsì. Ṣé ọmọ Ayọ̀rìndé wá kéré sí àga ni?"

Àwọn tó ti ń rọ́ bọ̀ pẹ̀lú ṣọ́bìrì bú sẹ́rìn-ín. Johnson fa káàdì kan yọ fẹ́rẹ́, ó dá a padà sápò kí afẹ́fẹ́ tó kàn án.

"Ìjọba ni wá."

"Ìjọba wo? Ẹ̀ẹ̀kan náà lẹ sọ pé ẹlẹ́gọ́tà ni yín. Ẹ ti gba ìgbéga láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún?"

"Màmá, ẹ má fi ọjọ́ ogbó yín ṣeré. Arúfin ni ọkùnrin yìí."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀." Fẹ́yìsetán na ìwé àti bíírò sí i lójú fèrèsé. "Kọ orúkọ rẹ síbí. Kọ orúkọ ẹni tó rán ọ. Kọ ibi tí ò ń gbé e lọ, kí o sì kọ ohun tó ṣe. Bí o bá ti fọwọ́ sí i, màá ṣí i."

Johnson wo bíírò náà bí ẹni tó rí paramọ́lẹ̀.

"Gbà á, kì í bùnijẹ," ni Fẹ́yìsetán wí. "Àwọn ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi òpópónà yìí ń fi í kọ orúkọ wọn."

Ọkùnrin tó ní ìbọn nídìí, tó ní ọkọ̀, tó ní ọkùnrin mẹ́ta lẹ́yìn, kò lè kọ orúkọ ara rẹ̀ sínú ìwé obìnrin kan. Ẹ̀rù bíírò ń bà á. Gbogbo Ìfẹ́lódùn rí i, láti ìṣẹ́jú náà lọ, ẹ̀rù rẹ̀ kò bà wọ́n mọ́.

Johnson ki ọwọ́ bọ àpò, ó fa ìwé kan yọ, òǹtẹ̀ pupa kan wà nídìí rẹ̀ tó tóbi tó àwo ọbẹ̀. "Àṣẹ nìyí! Ẹ kà á!"

Fẹ́yìsetán kò ka ohun tí kò mọ̀. Ó pe Bàbá Ọláṣùpọ̀, tó fi ọdún márùndínlógójì ṣe akọ̀wé kóòtù kó tó fẹ̀yìn tì. Baba náà dé pẹ̀lú réèkì lọ́wọ́ àti aṣọ ìsùn lọ́rùn, ó nu ọwọ́, ó gbé ìwé náà jìnnà sójú, ó sún un mọ́ ojú.

"Ìyá Ọpẹ́mipọ̀, Faransé ni."

Láti ẹ̀yìn ọkọ̀, ohùn kan jáde wá. "Ẹ jẹ́ kí n kà á fún yín, Bàbá. Iṣẹ́ mi ni."

Ariwo sọ. Àwọn ọmọkùnrin òpópónà ká ọkọ̀ náà mọ́, wọ́n kó ṣọ́bìrì lọ́wọ́, kò sí ẹni tó na ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ọkọ̀ ṣí. Bàbá Ọláṣùpọ̀ di ìwé náà mú síwájú ojú Seth, nítorí ọwọ́ Seth wà nínú irin. Ó kà á bó ṣe máa ń túmọ̀ ìwàásù, gbólóhùn kan ní Faransé, gbólóhùn kan ní Yorùbá, ohùn rẹ̀ mọ́ kedere, kò yára, kò falẹ̀. Àwọn tó wà níbẹ̀ ní oníwàásù kankan ò tíì rí etí tó dákẹ́ bẹ́ẹ̀ gbà.

Ìwé náà wá láti ọwọ́ òṣìṣẹ́ kan ní ilé aṣojú orílẹ̀-èdè rẹ̀. Ó kí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó wà ní Nàìjíríà. Ó bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n bá òun fa ẹni tó ń jẹ́ Seth Ayọ̀rìndé lé àwọn tó máa dúró dè é ní ààlà lọ́wọ́, ní Sátidé yẹn, kí ọ̀sán tó pọ́n. Ó ní kí wọ́n ṣe é láìpariwo.

"Láìpariwo," ni Seth tún sọ. "Bó ṣe wà níbẹ̀ nìyẹn."

Bàbá Ọláṣùpọ̀ yí ìwé náà sẹ́yìn, ó yí i síwájú.

"Orúkọ adájọ́ dà?"

Johnson na ọwọ́ láti gba ìwé náà padà, Bàbá gbé e sẹ́yìn.

"Nọ́ńbà ẹjọ́ dà? Òǹtẹ̀ kóòtù ilẹ̀ wa dà? Ìwọ ọkùnrin yìí, lẹ́tà tí ọ̀rẹ́ kọ sí ọ̀rẹ́ lo mú lọ́wọ́! Ẹni tí orílẹ̀-èdè mìíràn bá ń wá, òfin ní iwájú adájọ́ ni kí ẹ kọ́kọ́ mú un lọ. Adájọ́ á gbọ́ tiyín, á gbọ́ tiẹ̀. Bó bá jẹ́ nítorí òṣèlú ni wọ́n fi ń wá a, a kì í fi irú wọn lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Kí irun orí mi tó funfun ni mo ti ń to irú fáìlì bẹ́ẹ̀ sórí tábìlì."

"Bàbá, ẹ má kọ́ mi níṣẹ́ mi."

"Bó o bá mọ̀ ọ́n, ta ni ì bá kọ́ ọ?"

Johnson bínú wàyí. Ó bọ́ sílẹ̀, ó fa ìbọn yọ, ó yìn ín sókè. Àwọn ọmọdé sá wọlé, àwọn àgbà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Fẹ́yìsetán kò kúrò lórí àga. Àyà rẹ̀ ń lù kìkìkì bí ẹ̀rọ bisikíìtì, òun náà sọ bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn náà, ṣùgbọ́n ó ní òun rò ó pé bí òun bá dìde, wọ́n máa rò pé òun fẹ́ ṣílẹ̀kùn.

Ó gbé ojú sókè. "O ò bá ẹyẹ kankan."

Johnson fò padà sínú ọkọ̀, ó kígbe mọ́ awakọ̀ pé kó padà sẹ́yìn, kó sáré wá, kó fi ọkọ̀ fọ́ géètì. Awakọ̀ fi ọkọ̀ sẹ́yìn. Nígbà náà ni Fẹ́yìsetán gbé ohùn rẹ̀ sókè, èyí tí Àtàn ń gbọ́.

"Ẹ̀yin ará ilé! Aago mẹ́wàá kò tíì lù o! Ìmọ́tótó kò tíì parí! Kí lẹ ń dúró wo?"

Ará Ìfẹ́lódùn kò nílò àlàyé kejì. Ṣọ́bìrì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ẹrẹ̀ gọ́tà tí wọ́n ti kó jọ láti òwúrọ̀ di ohun tí wọ́n ń dà sí àárín ọ̀nà, níwájú ọkọ̀, lẹ́yìn ọkọ̀, lábẹ́ táyà. Nígbà tí awakọ̀ máa tẹ iná mọ́ ọn, táyà kàn ń yí lójú kan ni, ó ń tú ẹrẹ̀ sí ojú fèrèsé ara rẹ̀. Òkìtì tó wà lẹ́yìn ọkọ̀ yẹn, ẹni tó rí i sọ pé díẹ̀ ló kù kó ga tó Olúmọ, ó sì rùn jù ú lọ.

Rose, akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì tó ń gbé ní ilé kejì, ti gun orí ògiri pẹ̀lú fóònù rẹ̀. "Ẹ kí àwọn tó ń wò wá, sà! Ènìyàn ẹgbẹ̀rún mẹ́ta ló wà lórí rẹ̀ báyìí. Wọ́n ní kí ẹ yíjú sí ẹ̀gbẹ́ yìí, àwọn ò rí ẹ̀rẹ̀kẹ́ yín dáadáa."

Johnson bọ́ àwọ̀lékè ìmọ́tótó, ó fi bo ojú. Fóònù tirẹ̀ náà dún. Ó gbé e sétí, ó ní "yẹ́ẹ̀sì sà" lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ohùn rẹ̀ ń kéré sí i. Ó hàn pé ọ̀gá rẹ̀ pàápàá ti rí i lórí fóònù tiẹ̀, ọ̀gá náà kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rántí pé òun ló rán an.

Ó sọ̀ kalẹ̀ sínú ẹrẹ̀, ó tú ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ lọ́wọ́ Seth. Kò wo ojú rẹ̀. Seth dúró lójú ọ̀nà, ẹsẹ̀ kan nínú bàtà, ẹsẹ̀ kan ní ìhòhò, ó ń ra ọrùn ọwọ́ rẹ̀. Bàbá Ọláṣùpọ̀ fi èjìká gbé e ró.

"Ẹ ṣí géètì ká máa lọ," ni Johnson wí.

"Ṣé gọ́tà lẹ wá yẹ̀ wò?" Fẹ́yìsetán na ṣọ́bìrì kan sí i. "Ẹ kó o. Ọkọ̀ yín kò ní gba orí ẹrẹ̀ yìí kọjá."

Ọkùnrin mẹ́rin kó ẹrẹ̀ gọ́tà ní Ìfẹ́lódùn ní ọjọ́ náà. Nígbà tí ọ̀kan nínú wọn ní, "Màmá, ó ti tó," Fẹ́yìsetán nawọ́ sí igun kan. "Ó ku ìyẹn." Aago mẹ́wàá kọjá dáadáa kó tó ṣílẹ̀kùn.

Kò parí síbẹ̀, nítorí irú ìyẹn kì í parí síbẹ̀. Ní ọjọ́ Ajé, Bàbá Ọláṣùpọ̀ mú Seth lọ bá lọ́yà kan ní Abẹ́òkúta, wọ́n sì gba ilé ẹjọ́ gíga lọ. Ní ọjọ́ Rú, adájọ́ pàṣẹ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gbé e kúrò nílẹ̀ yìí títí ẹjọ́ rẹ̀ yóò fi parí. Ní ọjọ́ Bọ̀, àwọn méjì tó wọ aṣọ iṣẹ́ wá mú Fẹ́yìsetán. Wọ́n ní ó dí òṣìṣẹ́ ìjọba lọ́wọ́ iṣẹ́. Ó bi wọ́n léèrè orúkọ wọn, wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, ó tẹ̀lé wọn.

Ó lo ọjọ́ mẹ́ta lọ́dọ̀ wọn. Ọ̀gá kan, ọkùnrin jẹ́jẹ́ tó mọ ọ̀rọ̀ sọ, ló ń bá a sọ̀rọ̀ láràárọ̀.

"Màmá, ìwé kékeré kan ni. Ẹ kàn fọwọ́ sí i pé ẹ ṣe àṣìṣe, pé ẹ ò ní ṣe é mọ́. Ẹ óò lọ sílé lónìí."

"Òótọ́ ni pé mo ṣe àṣìṣe."

Ojú ọ̀gá náà tàn. "Ẹ ò rí i! Bíírò rèé."

"Ṣé wàá kọ àṣìṣe náà síbẹ̀ kí n tó fọwọ́ sí i?"

"Gẹ́gẹ́ bí ẹ bá ṣe sọ ọ́, Màmá."

"Kọ ọ́ pé: èmi Fẹ́yìsetán Ògúnlàdé ṣe àṣìṣe, mo ṣí géètì fún wọn láti wọlé. N kò ní ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́."

Bíírò ọ̀gá náà dúró lókè. Ó wò ó títí. "Màmá, èyí kọ́ ni mo ní lọ́kàn."

"Èmi ni mo ní i lọ́kàn. Èyí nìkan ni mo máa fọwọ́ sí."

"Bí wọ́n bá tún padà wá sí òpópónà yín ńkọ́?"

"Kí wọ́n mú ìwé adájọ́ wá. Bí wọn ò bá mú un wá, kí wọ́n tún wọ aṣọ ìmọ́tótó wá, gọ́tà wa kì í tán."

Ní ọ̀sán Sátidé, wọ́n tú u sílẹ̀, kò fọwọ́ sí ohunkóhun. Wọ́n ní nítorí ọjọ́ orí rẹ̀ ni. Irọ́ ni. Àwọn ará Ìfẹ́lódùn tí wọ́n ti jókòó sẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì wọn láti àárọ̀ pẹ̀lú ìkòkò oúnjẹ ló fà á. Seth wà láàárín wọn. Fẹ́yìsetán rí i, ó sì bú u níṣojú gbogbo ènìyàn.

"Ta ló ní kí o wá síbí? Ìwọ tí wọ́n ń wá, ìwọ lo tún gbé ara rẹ wá sí ẹnu ọ̀nà wọn!"

"Màmá, ẹ̀yin náà lẹ wá síbí nítorí mi."

"Wọ́n mú mi wá ni! Kò jọra."

Nígbà tí wọ́n dé ilé, àwọn àgbà ìjọ Seth wá kí wọn. Wọ́n fẹ́ràn rẹ̀, ẹ̀rù ń bà wọ́n ni. Wọ́n ní ó máa dára kó má wá sí ṣọ́ọ̀ṣì fún oṣù méjì kan, kó dákẹ́ sí yàrá ẹ̀yìn, kí àwọn lọ wá ẹlòmíràn tó máa túmọ̀ ìwàásù. Ẹnìkan tilẹ̀ ní ọ̀rẹ́ òun kan lè bá a wá ọ̀nà lọ sí orílẹ̀-èdè tó tún jìnnà sí i. Seth wo ilẹ̀. Ó ti gbé àpò rẹ̀ kọjá ààlà ìlú mẹ́ta, apá rẹ̀ mọ ìwọ̀n àpò náà.

"Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ yín," ló wí, "ṣùgbọ́n adájọ́ ní kí n wà níbí. Bí mo bá sá, wọ́n á ní arúfin ni mí lóòótọ́. Bí mo bá dákẹ́, àwọn náà ti ní láìpariwo."

Ní ọjọ́ Àìkú, lọ́jọ́ kejì, Seth wọ aṣọ kóòtù rẹ̀, wọ́n ti fọ ẹrẹ̀ kúrò lára awò ojú rẹ̀, ó dúró sí ẹ̀gbẹ́ oníwàásù, ó gbé makirofóònù. Lápá ọ̀tún, níbi tí wọ́n ya sọ́tọ̀ fún àwọn àlejò tó ń gbọ́ Faransé, obìnrin kúkúrú kan jókòó sórí àga àkọ́kọ́ lẹ́bàá ilẹ̀kùn. Mùsùlùmí ni, kò wọ ṣọ́ọ̀ṣì náà rí. Ó wé gèlè tó ga débi pé àwọn tó wà ní ìlà mẹ́ta lẹ́yìn rẹ̀ kò rí oníwàásù. Olùtọ́jú èrò wá, ó bẹ̀rẹ̀ sí i létí pé Màmá, Faransé ni wọ́n ń sọ níhìn-ín, ẹ lè bọ́ sí ọ̀dọ̀ àwọn tó ń gbọ́ Yorùbá.

"Mo mọ̀," ni Fẹ́yìsetán wí, ó sì na ẹsẹ̀ rẹ̀ dí ẹnu ọ̀nà. "Jẹ́ kó máa sọ ọ́ lọ."